Ìtàn Májèlé Láàfin Ọba Faransé, Tí Wọ́n Ń Tà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta ìwé àti bírò, ni wọ́n ti ń ta ìtàn ayé tí wọ́n fi ohùn Yorùbá gbà sílẹ̀. Olùkọ́ ìtàn kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sọ àwọn ìtàn náà, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó ń tò ó, tó sì ń bá a tà á. Ẹni tó bá fẹ́ lè rà á nínú mẹ́mọ́rì káàdì, ẹni tí kò bá sì fẹ́ káàdì, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èyí tó dá lórí ọ̀tẹ̀, ìlara àti májèlé nígbà ayé Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé. Apá mẹ́fà ni, apá kọ̀ọ̀kan sì gùn tó nǹkan bíi wákàtí kan. 3,500 náírà ni wọ́n ń ta ti káàdì, 2,000 náírà sì ni ti WhatsApp. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì tún àwọn ibi kan gbọ́. Ó tó owó rẹ̀, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n apá karùn-ún rẹ̀ ṣìnà níbi tó yẹ kó ti ṣọ́ra jù lọ, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá máa rà á mọ ibẹ̀ kó tó gbọ́ ọ.

Ohùn ló ń ta irú ọjà báyìí, ohùn bàbá náà sì dára púpọ̀. Kì í kígbe, kì í sì í kánjú. Yorùbá tí gbogbo wa kọ́ nílé-ìwé ló fi ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n Ìjẹ̀bú hàn ketekete lẹ́nu rẹ̀, pàápàá nígbà tí inú bá ń bí i sí ẹnì kan nínú ìtàn náà. Àwọn orúkọ Faransé tó le lẹ́nu, ó ń fi sùúrù pè wọ́n, ó sì ń tún wọn pè títí etí olùgbọ́ yóò fi mọ̀ wọ́n. Kò sọ Páríìsì di Ìjẹ̀bú. Bí ó bá fẹ́ kí á mọ bí nǹkan ṣe rí, yóò fi ohun tí a mọ̀ ṣe àlàyé, yóò sì kọjá kíá. Nígbà tó ń sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ààfin ṣe gbọ́dọ̀ tọ́ oúnjẹ àti wáìnì wò kí ọba tó fi kan ẹnu, ó kàn ní bí onílé ṣe máa ń kọ́kọ́ mu nínú ọtí kó tó gbé e fún àlejò ni, ó sì ń bá ìtàn rẹ̀ lọ. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń ka àwọn lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn obìnrin inú ìtàn náà. A máa dá a dúró nígbà mìíràn pé, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ta tún ni ìyẹn?" Bàbá yóò sì rántí pé àwa tí a ń gbọ́ kò mọ ìdílé àwọn ènìyàn náà bí òun ṣe mọ̀ ọ́n.

Apá kejì ló dára jù lọ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó dá lórí Marquise de Brinvilliers, obìnrin ọlọ́lá tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Marie-Madeleine d'Aubray. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ tó lágbára jù lọ ní Páríìsì. Nígbà tí bàbá náà rí i pé ọmọ òun, tó wà nílé ọkọ, ń bá ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Godin de Sainte-Croix rìn ní gbangba, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba, irú ìwé tó lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀wọ̀n Bastille ní ọdún 1663. Àwọn ará ìgbà náà gbà pé inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló ti bá ará Ítálì kan pàdé, Exili, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú iṣẹ́ májèlé. Ní ọdún 1666, bàbá kú. Ní ọdún 1670, àwọn arákùnrin obìnrin náà méjèèjì kú tẹ̀lé ara wọn.

Bàbá olùkọ́ kò sáré kọjá ikú bàbá yìí, mo sì dúpẹ́ fún un. Ó jẹ́ kí á rí ọmọ tó jókòó ti ibùsùn bàbá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń gbé omi ẹran fún un, tó ń nu ẹnu rẹ̀, tó ń ki oníṣègùn tó ń wọlé tó ń jáde, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ tó ń tọ́jú yẹn náà ló ń pa. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀, kò sí ìlù. Ohùn ọmọbìnrin náà tó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ rọra mu ún," ni a gbọ́, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti sọ ìwà ìkà ní Yorùbá tó dà bí èyí, láìfi ọ̀rọ̀ burúkú kan ṣe é.

Bí àṣírí náà ṣe tú ni ó tún dára. Sainte-Croix kú ní ọdún 1672, gbèsè sì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kó ẹrù rẹ̀ jọ. Wọ́n bá àpótí kékeré kan níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó sọ pé kí wọ́n gbé e fún Marquise náà. Lẹ́tà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìwé gbèsè wà nínú rẹ̀, àwọn ìdì ìyẹ̀fun àti ìgò kéékèèké sì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fún ẹranko jẹ, tí àwọn ẹranko náà sì kú. Ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ La Chaussée, tó ti sìn nílé àwọn arákùnrin obìnrin náà, wá fẹnu ara rẹ̀ béèrè owó nínú ẹrù olóògbé, ìbéèrè yẹn ló sì kó bá a, wọ́n pa á ní 1673. Marquise náà sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún sá lọ sí orí ilẹ̀ Yúróòpù, títí wọ́n fi mú un nínú kọ́ńfẹ́ǹtì kan ní ìlú Liège ní 1676. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n fi omi jẹ ẹ́ níyà, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀ ní Place de Grève, gbàgede kan ní Páríìsì, wọ́n sì sun òkú rẹ̀. Ayàwòrán ọba, Charles Le Brun, ya ojú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, àwòrán náà sì wà ní Páríìsì di òní. Madame de Sévigné, obìnrin ọlọ́lá kan tí àwọn lẹ́tà rẹ̀ lókìkí, kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ obìnrin pé wọ́n ti da eérú rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, gbogbo àwọn sì ti ń mí i símú. Bí ọmọ ọmọ náà ṣe ka lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ń bà lẹ́rù tó sì tún ń dùn mọ́ nínú, tó owó káàdì náà fúnra rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn náà yé ni pé bàbá olùkọ́ ṣe àlàyé májèlé náà bí ó ti rí. Arsenic ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ìyẹ̀fun funfun ni, kò ní òórùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ìtọ́wò, ọwọ́ àwọn tó ń ta oògùn eku ni ó sì ti rọrùn láti rí i. Bí wọ́n bá ń fi díẹ̀díẹ̀ sí oúnjẹ, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó ń fà dà bí àìsàn inú tó ń pa ènìyàn lójoojúmọ́ nígbà náà. Kò sí oníṣègùn kan ní ayé ìgbà yẹn tó lè la òkú kó sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé arsenic wà níbẹ̀. Ọdún 1836 ni James Marsh, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé àyẹ̀wò tó dáni lójú jáde. Ó tún sọ nípa aṣọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Madame de Poulaillon ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó fẹ́ fi arsenic fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀, kí awọ ara ọkùnrin náà lè bó, kí àwọn ènìyàn sì rò pé àrùn mìíràn ni. Ìmọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé òun ló sọ ìdí tí ẹ̀rù fi ba gbogbo Páríìsì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kú lójijì, kò sẹ́ni tó lè fi hàn pé wọ́n pa á, kò sì sẹ́ni tó lè fi hàn pé wọn kò pa á. Mo bẹ olùgbọ́ kó di gbólóhùn yìí mú, torí bàbá olùkọ́ fúnra rẹ̀ gbàgbé rẹ̀ nígbà tó yá.

Apá kẹta gbé wa dé ilé Catherine Monvoisin, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní La Voisin. Ọkọ rẹ̀ ń ta ohun ọ̀ṣọ́, òwò náà bàjẹ́, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àtẹ́lẹwọ́ àti ojú ènìyàn fún owó. Ó ń gbẹ̀bí, ó ń ṣẹ́yún, ó ń ta oògùn ìfẹ́, wọ́n sì ní ó ń ta èyí tó ń pa ọkọ. Ó dá aṣọ ìgúnwà kan tí wọ́n fi òwú wúrà ṣe iṣẹ́ ẹyẹ idì sí lára, èyí tó máa ń wọ̀ bí ó bá fẹ́ ríran fún ènìyàn, ó sì máa ń pe àwọn ọlọ́lá sí ọgbà rẹ̀ tí wọn yóò máa ta gòjé fún wọn. Mo fẹ́ràn bí bàbá olùkọ́ ṣe fi sùúrù sọ ìdí tí àwọn obìnrin fi ń lọ síbẹ̀. Lábẹ́ òfin ìjọ Kátólíìkì àti ti ilẹ̀ náà, kò sí ìkọ̀sílẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n fún arúgbó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní ọ̀nà mìíràn àfi kí ọkùnrin náà kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló kọ́kọ́ lọ béèrè pé ìgbà wo ni ọkọ àwọn máa kú, lẹ́yìn náà wọ́n wá ra àdúrà, lẹ́yìn àdúrà wọ́n ra ìyẹ̀fun. Bàbá olùkọ́ kò dá ẹ̀bi yẹn nù, kò sì fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù kẹta 1679, ni wọ́n mú La Voisin bí ó ti ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì sun ún láàyè ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 1680. Wọ́n ní ó ń ti àgbélébùú tí àlùfáà nà sí i sẹ́yìn, ó sì ń ta koríko tí wọ́n kó yí i ká dànù.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gbogbo ìfìbéèrè-wádìí yìí ni Gabriel Nicolas de La Reynie, ẹni àkọ́kọ́ tí ọba fi ṣe olórí àwọn ọlọ́pàá Páríìsì, láti 1667. Ní oṣù kẹrin 1679, ọba gbé ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan kalẹ̀ ní Arsenal, ilé ohun ìjà ọba ní Páríìsì, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Chambre ardente. Nígbà tó fi máa parí ní oṣù keje 1682, àwọn ènìyàn 442 ni wọ́n ti fura sí, 36 nínú wọn ni wọ́n sì pa.

Apá kẹrin ni ti ààfin gan-an, ó sì gba etísílẹ̀ nítorí pé ọ̀tẹ̀ ibẹ̀ lọ́jú pọ̀. Gbogbo nǹkan tó dára ní ilẹ̀ náà, oyè, owó ìfẹ̀yìntì, ipò nínú ẹgbẹ́ ogun, ọkọ rere fún ọmọbìnrin, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ti ń wá. Ìdí nìyí tí ìjà fi pọ̀ lórí ta ni yóò jẹ́ ààyò ọba. Louise de La Vallière ni ààyò tẹ́lẹ̀, Madame de Montespan gba ipò yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́ láti 1667, La Vallière sì lọ di ajẹ́jẹ̀ẹ́ nínú kọ́ńfẹ́ǹtì ní 1674. Montespan bí ọmọ méje fún ọba. Ṣùgbọ́n obìnrin tó fúnra rẹ̀ mú wá láti tọ́ àwọn ọmọ náà, Madame de Maintenon, ni ọba padà yí sí, òun ló sì gbé níyàwó ní bòńkẹ́lẹ́ lẹ́yìn ikú olorì ní 1683. Láàárín wọn ni Mademoiselle de Fontanges tún yọjú, ọmọdébìnrin arẹwà tó kú ní oṣù kẹfà 1681 kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún.

Àwọn ọkùnrin náà ní orogún tiwọn. Louvois, mínísítà ogun, àti Colbert, tó ń bójú tó owó ìlú, kò lè ríra wọn sójú. Louvois ń ti ẹjọ́ náà síwájú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹjọ́ náà ń ká mọ́ sì jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ tàbí ẹni Colbert. Wọ́n fi Ọ̀gágun de Luxembourg, tí òun àti Louvois kò rẹ́, sí Bastille ní oṣù kìíní 1680 nítorí ọ̀rọ̀ awòràwọ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Ọkùnrin yìí kan náà ló tún padà jagun fún ilẹ̀ Faransé tó sì ṣẹ́gun ní Fleurus ní 1690. Olympe Mancini, Comtesse de Soissons, kò dúró de ẹjọ́ ní tirẹ̀, òru ló fi sá kúrò nílùú. Bàbá olùkọ́ tẹ̀ lé ìtàn obìnrin yìí dé ibi tí n kò retí. Ọmọ tó fi sílẹ̀ ní Páríìsì, Eugène, béèrè iṣẹ́ ogun lọ́wọ́ Louis, ọba kọ̀ fún un, ọmọ náà sì lọ sìn ọba Austria ní 1683, ó di ọ̀gágun ńlá tó na àwọn ọmọ ogun Louis kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbúrò Olympe, Duchesse de Bouillon, ní tirẹ̀ wọ ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ lápá kan, àti ọkùnrin tí wọ́n ní ó fẹ́ tìtorí rẹ̀ pa ọkọ lápá kejì. Ìtàn sọ pé wọ́n bi í bóyá ó ti rí èṣù rí, ó sì ní òun ń wò ó lójú báyìí, ó wọṣọ adájọ́. Ọmọ ọmọ náà fi ẹ̀rín sọ èyí débi pé bàbá rẹ̀ àgbà gan-an rẹ́rìn-ín, wọn kò sì gé ẹ̀rín náà kúrò. Ó dára bí wọn kò ṣe gé e.

Àṣìṣe kan wà ní apá yìí tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni bàbá olùkọ́ ń sọ "ní Versailles, ní Versailles", bí ẹni pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1682 ni ọba kó ààfin rẹ̀ lọ sí Versailles láti máa gbé, nígbà yẹn ilé-ẹjọ́ náà ti ń parí iṣẹ́ lọ. Saint-Germain-en-Laye ni ààfin wà ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọdún tí ìtàn náà ń sọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tó burú jù ni pé La Voisin fẹ́ fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti fi májèlé kùn lé ọba lọ́wọ́ ní Saint-Germain, níbi tí àṣà ti wà pé àwọn mẹ̀kúnnù lè súnmọ́ ọba láti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ jíṣẹ́. Ẹni tó bá ń fojú inú wo Versailles yóò máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà kò ti ṣẹlẹ̀.

Mo wá dé apá karùn-ún. Ibí ni wọ́n ti gbé ìlù sí i. Ibí ni ìkókó ti ń ké lẹ́yìn ohùn bàbá olùkọ́, tí ó sì ń sọ fún wa, pẹ̀lú ìdánilójú, pé Madame de Montespan dùbúlẹ̀ lórí pẹpẹ, pé àlùfáà Guibourg pa ọmọ lé e lórí, pé ó fi májèlé pa Fontanges, ó sì fẹ́ pa ọba. Kò sí "wọ́n ní" nínú rẹ̀, kò sí "ẹ̀sùn ni". Ó sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà náà, àwọn wo ni? La Voisin fúnra rẹ̀ kò dárúkọ Montespan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú, bí wọ́n ti bi í léèrè tó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀, Marguerite, tó wà lẹ́wọ̀n, tí ẹ̀rù iná náà sì ń bà, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ẹnì kejì, Lesage, onídán kan tó ti bá La Voisin ṣiṣẹ́, ti fi ìgbà kan rí jẹ̀yà nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn ẹlẹ́wọ̀n, Louvois sì ti ṣèlérí fún un pé bí ó bá sọ gbogbo ohun tó mọ̀, ọba yóò ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Guibourg, arúgbó àlùfáà tí ìwà rẹ̀ burú lójú gbogbo ènìyàn. Olúkúlùkù wọn ló mọ̀ pé bí orúkọ tí òun bá dá bá ti tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ òun yóò ṣe pẹ́ tó, nítorí ọba kò ní fẹ́ kí wọ́n sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ níwájú adájọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí: ọba dá ilé-ẹjọ́ náà dúró ní oṣù kẹwàá 1680, nígbà tó sì tún ṣí i padà, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Montespan dé ibẹ̀. Colbert, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Montespan, gbé ìwé ẹjọ́ náà fún agbẹjọ́rò Claude Duplessis, ẹni tó tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí náà ṣe ta ko ara wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé ó ṣeé ṣe kí Montespan ti ra oògùn ìfẹ́ lọ́wọ́ La Voisin. Láti ibẹ̀ dé pípa ọba tí gbogbo ọlá rẹ̀ rọ̀ mọ́, ọ̀nà jìn. Fontanges ní tirẹ̀, àìsàn tó bá a lẹ́yìn ìbímọ ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó pa á. Montespan wà ní ààfin títí di 1691, ó sì kú ní 1707 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè kan rí ní gbangba.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí ni pé mo mọ ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ káàdì yìí. Ní agbègbè wa, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù, ẹni tó bá kú ní kékeré, kí wọ́n tó sin ín ni àwọn kan yóò ti máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n fún un ní nǹkan jẹ níbi ìnáwó. Wọn yóò wo ìyàwó, wọn yóò wo orogún, wọn yóò wo ẹni tó gbé abọ́. Obìnrin ló sì sábà máa ń jẹ̀yà ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè má rí ojúure ìdílé náà mọ́ títí ayé. Olùkọ́ ìtàn tó ní etí àwọn ènìyàn tó báyìí, tí ohùn rẹ̀ sì ń wọ ilé àti mọ́tò, kò yẹ kó kọ́ wọn pé ẹ̀sùn tí ẹlẹ́wọ̀n sọ nínú ìbẹ̀rù ti tó láti fi pe obìnrin ní apani.

Ó tún dùn mí sí i nítorí pé bàbá olùkọ́ mọ ọ̀nà tó tọ́. Ó ti fi hàn wá ní apá kìíní. Ikú Henriette, àbúrò ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti aya arákùnrin Louis, ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1670, ní Saint-Cloud, ó mu ife omi chicory, irú ewéko kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ó pariwo pé wọ́n ti fún òun ní májèlé, ó sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí wọ́n fura sí, nítorí ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, Chevalier de Lorraine, kórìíra rẹ̀, Henriette ló sì mú kí wọ́n lé ọkùnrin náà jáde nílùú. Bàbá olùkọ́ sọ gbogbo èyí, ó sì wá ní kí á dúró ná. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ mu nínú omi náà, nǹkan kan kò ṣe é. Wọ́n la òkú rẹ̀ wò lójú àwọn oníṣègùn Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ní àìsàn ni. Àwọn tó yẹ ìwé àwọn oníṣègùn náà wò lẹ́yìn náà ní ọgbẹ́ inú tó lu ló jọ pé ó pa á. Kò sí ìlù, kò sí igbe, olùgbọ́ sì jókòó pẹ̀lú ìdààmú pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹnì kan lẹ́bi. Ẹni tó lè ṣe apá kìíní báyẹn kò ní àwíjàre fún apá karùn-ún.

Apá kẹfà kúrú ju àwọn yòókù lọ, ó sì ṣe rẹ́gí. Ó sọ bí wọ́n ṣe kó àwọn tó ti dárúkọ Montespan lọ sí ọgbà odi ológun káàkiri ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n mọ́ ògiri títí wọ́n fi kú, láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Guibourg kú ní Besançon ní 1686. Ó sọ òfin oṣù keje 1682 tó ní kí àwọn tó ń ta arsenic tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má tà á fún ẹni tí wọn kò mọ̀, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ ẹni tó rà á sínú ìwé. Ó tún sọ bí La Reynie ṣe kú ní 1709, tí ọba sì sun àwọn ìwé ẹjọ́ tó kan Montespan ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ohun tí La Reynie fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò bá a jóná, ibẹ̀ ni a ti mọ púpọ̀ nínú ìtàn yìí. Mo fẹ́ kí apá yìí gùn sí i, pàápàá lórí òfin náà, nítorí títà oògùn eku láìbéèrè orúkọ kò tíì tán láyé.

Ní ti ìtajà, ìwà wọn dára. Káàdì tí mo kọ́kọ́ rà dúró ní àárín apá kẹrin, mo dá a padà, ọmọbìnrin náà sì pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìbi mí ní ìbéèrè púpọ̀, ó tilẹ̀ jẹ́ kí n fi fóònù tèmi gbọ́ ọ níbẹ̀ kí n tó lọ. Àléébù kan ni pé wọn kò kọ nọ́ńbà sí iwájú orúkọ àwọn apá náà, nítorí náà fóònù mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹta kó tó wá kìíní. Ti WhatsApp máa ń jẹ dátà, ohùn rẹ̀ kò sì mọ́ tó ti káàdì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ tí kò fẹ́ náwó ọkọ̀ lè fara mọ́ ọn. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù má lọ nígbà Òjúde Ọba, wọn kì í ṣí.

Apá karùn-ún kò yẹ fún ọmọdé rárá, ẹ̀dùn ọkàn ìkókó tó ń ké yẹn nìkan ti tó. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì lè gbọ́ ìkíní, ìkejì àti ìkẹrin, wọn yóò sì jèrè púpọ̀ níbẹ̀. Mo ti sọ gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín fún bàbá olùkọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó ní kí n kọ àwọn ọjọ́ àti orúkọ náà sílẹ̀ fún òun, mo sì kọ ọ́. Bí wọ́n bá tún apá yẹn gbà sílẹ̀ láìsí ìlù, pẹ̀lú "wọ́n ní" níbi tó ti yẹ, èmi yóò tún un rà, ti káàdì ni n óò sì rà.